Orin Oyèrónkẹ́

Lẹ́yìn ikú Oyèrónkẹ́, ọkọ rẹ̀, Bàbá Adéríbigbé, gba ọmọ odídẹrẹ́ kan tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tíì kún wá sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orin kan ló fẹ́ kọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ ló dá orin náà fúnra rẹ̀, òun ló máa ń kọ tí wọ́n bá ń lọ sóko. Bàbá ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ̀rù ń bà á pé orin náà ló kàn.

Títílọlá, ọmọ wọn tó jẹ́ olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ní Ọ̀yọ́, wá kí i.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n gbà á sórí fóònù."

"Fóònù kì í mí. Ohun tó ń mí ni mo fẹ́ kó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Tí ẹyẹ bá kéré, ohun tó bá ń gbọ́ léraléra máa ń la ọ̀nà sínú ọpọlọ rẹ̀. Tó bá ti dàgbà, àtila ọ̀nà tuntun á diṣẹ́."

Láràárọ̀, Bàbá á gbé àgò ẹyẹ síta, á máa kọrin. Gàníyù télọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, kò gbádùn rẹ̀ rárá.

"Bàbá Títí, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Aṣọ oníbàárà ni mò ń rán o!"

"Di etí ẹ. Ìwọ kọ́ ni mò ń kọ́."

"Orin ọ̀hún ò tiẹ̀ dọ́gba. Lánàá ẹ gbé e sókè níbẹ̀ yẹn, lónìí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Bàbá pòṣé. Ó tún un kọ bó ṣe kọ ọ́ lánàá.

Ìyẹ́ ẹyẹ kún, ìkódídẹ yọ ní ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Títílọlá wá, ẹyẹ náà lanu fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Tà-tà-tà-tà-tà," bí ẹ̀rọ ìránṣọ gẹ́lẹ́.

Títílọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ orin náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí ìyókù rẹ̀ mọ́. Ó gbé àgò wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Títí, ṣé kò sí o?" Gàníyù ké láti ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ ò kọrin!"

Bàbá fa aṣọ bo àgò.

Lọ́sẹ̀ tí ìyàwó ọmọ Gàníyù bímọ, Bàbá lọ kí wọn kú ewu, ṣùgbọ́n kò lè kan ilẹ̀kùn, nítorí Gàníyù gbé ọmọ tuntun lé èjìká nínú yàrá, ó ń fi orin Oyèrónkẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.