Tanwíji Ìyá Abíọ́nà

Ìbíyẹmí, obìnrin wolé-wolé àdúgbò, ṣí ìkòkò tí ìjọba ìbílẹ̀ gbé fún Ìyá Abíọ́nà láti máa fi sin ẹ̀fọn. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, kò sí tanwíji kan níbẹ̀.

"Màmá, ẹ tún ti fọ̀ ọ́."

"Ṣé kí n má fọ̀ ọ́ ni? Nígbà èwe mi, wolé-wolé ń mú èèyàn lọ sí kóòtù nítorí tanwíji. Ìwọ wá ń bá mi wí pé ilé mi mọ́."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ike tanwíji tuntun tó gbé wá. "Ẹ̀fọn tí ìjọba ń sìn yìí kì í gbé ibà, Màmá. Òun ló ń gba àyè lọ́wọ́ èyí tí ń pani. Ilé yín nìkan ni kò tíì ní in, ẹ sì rántí ohun tí ibà fi ojú ọmọ-ọmọ yín rí lọ́dún tó kọjá."

Ìyá wo ọmọdé náà níbi tó sùn sí lórí ẹní. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, dà wọ́n sí i."

Nígbà tí tanwíji tuntun ń jà wìtìwìtì nínú omi, ìyá na ọwọ́ lé ìkòkò lórí, ó dijú.

"Ẹ máa pọ̀ sí i, kí Olúwa bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n èyí tó bá bà lé mi lára, n óò gbá a lábàrá."

"Àmín, Màmá," ni Ìbíyẹmí wí.