Ìbò tí wọ́n dì fún Ọbadáyà Stroud

Ní Marlow, ní Ohio, kò sẹ́ni tó rò pé Ọbadáyà Stroud lè wọlé. Ó pẹ́ tó ti ń tẹ ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ nílùú náà, kò sì sílé tí kò tíì bú. Ó kọ ọ́ pé ẹran ẹṣin ni Lyman alápatà ń tà. Ó kọ ọ́ pé pásítọ̀ máa ń sùn nínú ìwàásù ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ìròyìn bá ti jáde, bí Kesia ìyàwó rẹ̀ bá dé ìsọ̀ Lyman, wọ́n á ní ẹran ti tán. Ẹran á sì wà lórí ìkọ́ lójú rẹ̀.

Ọbadáyà ló bá ní òun fẹ́ lọ ṣòfin ní Washington.

“Bí wọn ò bá dìbò fún mi,” ó ní, “ojoojúmọ́ ni n ó máa tẹ ìwé ìròyìn mi! Ojoojúmọ́, títí n ó fi kú!”

Kesia gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. “Ẹ máa wọlé, ọkọ mi. Bó jẹ́ èmi ni n ó pọ̀n yín débẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, kò jókòó mọ́. Ilé àwọn tí ọkọ rẹ̀ bú jù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé páì ápù kiri.

Ọjọ́ ìbò pé. Ọbadáyà fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé ìbò tó ní orúkọ rẹ̀, bí àwọn oníròyìn ti máa ń ṣe láyé ìgbà náà, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ń pín in. Lyman ló kọ́kọ́ dé. Ọbadáyà ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó rò pé ìjà ni.

“Fún mi ní tìẹ, Stroud.”

“Ìwọ? Lẹ́yìn ohun tí mo kọ?”

“Marlow ti kéré jù fún irú ẹ.”

Pásítọ̀ náà gba tiẹ̀. “Gbogbo ìjọ ló gbààwẹ̀ sí i, arákùnrin.” Amòfin tó ń bá a du ipò alára gba ìwé kan, ó sì fi dìbò fún Ọbadáyà.

Ọbadáyà sọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀ létí. “Ṣé o rí i? Kálámù mi ló ṣe é!”

“Kálámù yín náà ni,” Kesia dáhùn.

Ó wọlé. Ọjọ́ tó ń lọ sí Washington, tìlù tìfọn nìlú fi sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Lyman ló ru àpótí rẹ̀. Pásítọ̀ ń sunkún. Kesia ní òun á dúró ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ju áńkáṣíìfù sí i títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà.

Èéfín ọkọ̀ náà ò tíì fọ́n tán tí Lyman, pásítọ̀ àti amòfin fi wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde, tí wọ́n tì í gbìì sínú odò, tí Kesia ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àpótí lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lórí, ó ń pariwo pé, “Ẹ dúró, ẹ gba eléyìí náà kún un, bó bá padà dé, ó lè fi bẹ̀rẹ̀!”