Àwọn Àga Tó Kẹ́yìn

Ọdún 1999 nìyí. Inú ń bí mi.

Ọmọ mi Adéyínká kọ ọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù àga wa ní Bódìjà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Láti ọjọ́ náà ni oníbàárà ti ń ya wọlé. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn fà ro.

Mo ń fági lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan láti Akóbọ̀ kúnlẹ̀ kí mi.

"Bàbá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ọ̀gá yín mọ iṣẹ́."

"Ọ̀gá mi wo?"

"Olóògbé Ayẹni. Ọmọ wọn kọ ọ́ pé àga tí wọ́n ṣe kẹ́yìn nìyí. Bó bá tán, ó tán."

Mo fa Adéyínká sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Kí lo kọ?"

"Bàbá, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹ wà láàyè, ta ló ń rà á?"

Mo padà sọ́dọ̀ obìnrin náà.

"Ọmọ mi, èmi ni Ayẹni. Èló lo máa ra àga ẹni tí kò tíì kú?"