Òkúta Tí Wọ́n Bá Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkú Ọlátúnjí

Nínú oko kòkó Ọlátúnjí, lẹ́yìn Ìlógbò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀, ni wọ́n ti rí òkúta tí ẹni tó pa á fi pọ́n àdá. Ọlọ́pàá ti mú Philip, tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà oko, ṣùgbọ́n Philip ní òun kò mọ òkúta náà rí. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, ó kú tán nìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹ̀yínadé, opó olóògbé. Ọmọ agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n ni, ìdí òkúta tí bàbá rẹ̀ fi ń pọ́n irin iṣẹ́ ló dàgbà sí. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkúta ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ti fọwọ́ kan án, á sọ odò tí wọ́n ti gbé e, á sì sọ bóyá ọwọ́ ọ̀tún ló jẹ ẹ́ tàbí òsì, nítorí ibi tí àdá bá ń wọ́ gbà ló máa ń jìn.

Olúfúnmiláyọ̀, ìyàwó Philip, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá Caleb, ẹ ṣáà bá mi sọ òtítọ́. Àwọn ọmọ mi kéré."

"Òtítọ́ ni mo wá sọ."

Caleb, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún un. Àwọn àgbà mirí. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Ẹ̀yínadé da omi sórí òkúta, ó fi àtàǹpàkò ra á títí omi fi di ẹrẹ̀ funfun. Ó gbóòórùn rẹ̀. Òkúta àtijọ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó wá fi ìka tọ ibi tó jìn, ó tọ ọ́ lọ, ó tọ ọ́ bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá Caleb?" ni ọlọ́pàá pè é.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tó ń tutọ́ funfun jáde. Nísinsìnyí ló wá sunkún. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wọn.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni," ó ní. "Ọwọ́ tó wúwo. Odò ẹ̀yìn ulé Philip ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀."

Olúfúnmiláyọ̀ wó lulẹ̀. Wọ́n mú Philip lọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀yínadé gbé oúnjẹ síwájú Caleb, ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé láti òní lọ, kódà nínú oko níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wò ó, kó má ṣe fi ọwọ́ òsì pọ́n àdá mọ́.