Òkúta Kẹta ní Dachsfels

Nígbà tí wọ́n sin Irmgard, ìyá rẹ̀, tán, Gundula wọkọ̀ ojú irin lọ sí Dachsfels, ìlú tí ìyá náà gbé e kúrò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ló ń wá. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ bi í: kí ni òun ṣẹ̀ ẹ́ tó fi pa òun tì? Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti kékeré.

Kò rántí ju ẹ̀rín bàbá náà àti ọjọ́ kan lọ. Wọ́n jọ ń ṣeré bojúbojú, kọ́kọ́rọ́ irin ńlá kan, tí eyín rẹ̀ kan ti kán, sì wà lọ́wọ́ òun Gundula. Látìgbà náà, ìyá rẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn mọ́, kò sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wọlé wọn. Gundula gbà pé nítorí kí bàbá lè ráyè wọlé lọ́jọ́ tó bá dé ni.

Ottmar, bàbá arúgbó kan tó máa ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú, fi àgbélébùú olókùúta kan hàn án lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n gbẹ́ idà sójú rẹ̀.

"Ẹni tó bá pààyàn níbí, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbẹ́ ẹ. Ohun tó fi pa á ló máa gbẹ́ sí i."

"Tí kò bá lè gbé òòlù ńkọ́?"

"Ìyá ẹ̀ á bá a gbẹ́ ẹ. Òbí wo ni kì í ru ẹrù ọmọ?"

Gundula rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣì ń ṣe é títí dòní?"

"Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín, màdáámú. Ilé ẹjọ́ ti fòfin dè é tipẹ́, àmọ́ òkú ò mọ ilé ẹjọ́."

Àáké ló wà lójú ìkejì. Ìkẹta wà níwájú ihò àpáta onílẹ̀kùn irin tí wọ́n ń kó bíà sí.

"Tí ọtí tuntun bá ń hó nínú àgbá, ẹ má wọbẹ̀ o," ni Ottmar wí. "Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń pa iná àbẹ́là. Ó ń pa èèyàn náà, tí kò bá tètè ríbi jáde."

"Bàbá, ṣé ẹ mọ Alwin Zeidler? Ó máa ń pọn bíà níbí. Bàbá mi ni. Ó já wa sílẹ̀ lọ."

Ottmar ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Irmgard ò sọ fún yín?"

"Kí ló yẹ kó sọ?"

 Ottmar yẹra kúrò níwájú òkúta náà.

Ohun tí ìyá Gundula fi òòlù gbẹ́ síbẹ̀, wúruwùru bí iṣẹ́ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́, ni kọ́kọ́rọ́ ńlá kan, eyín rẹ̀ kan ti kán.