Tófù Ìyá Ọkọ

Ní oṣù kẹta ọdún 1966, wáyà kan dé bá Olúdáìsí ní ọ́fíìsì rélùwéè tó ti ń ṣe akọ̀wé ní Enugu. Ìyá rẹ̀ ní Iléṣà, tó máa pé àádọ́rin ọdún ní oṣù karùn-ún, ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọkùnrin tó gbà á sílẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Enugu kò gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà ńláńlá ló fi kọ gbogbo rẹ̀, láìsí àmì kankan lórí. Olúdáìsí mú un lọ sílé ní àdúgbò Obiagu, ó kà á fún Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀.

“‘Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ má se ẹran.’”

Mojíbọ́lá gbé ìwé tó ń máàkì sílẹ̀. Tíṣà ni. “Ó ti dé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Kérésìmesì ò tíì tán nínú Màmá.”

Ní Kérésìmesì, Màmá fi ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu wọn jẹ ègé ẹran kan títí ó fi sú wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sí etí àwo. “Tíṣà,” ni wọ́n wí, “ṣé bàtà lẹ sè ni?”

Tíṣà ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, “ẹ” ni wọ́n sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n Olúdáìsí ni “ìyàwó mi”. Ọdún méjì ni Mojíbọ́lá ti ń retí kí wọ́n pe òun náà bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn ún wọra.

“Kì í ṣe èébú,” ni Olúdáìsí wí. “Inú àwẹ̀ Lẹ́ńtì la wà.”

“Ẹja ńkọ́?”

“O ti gbàgbé? Bí Màmá bá jẹ ẹja, gbogbo ara wọn á lé.”

“Ẹyin ńkọ́?”

“Ẹyin? Fún ìyá mi? Lórí iyán?”

Dorothy, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè ní ilé-ìwé Mojíbọ́lá, ló gbà á là. Ó fún un ní ìwé pélébé kan lórí oúnjẹ tó lè dípò ẹran, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mojíbọ́lá mú un délé tayọ̀tayọ̀.

“Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó máa ń dì bíi wàrà. Tófù ni.”

“Tó fún ta ni?”

“Tófù. Orúkọ ẹ̀ nìyẹn.”

“Mo gbọ́. Tó fún ta ni?”

Mojíbọ́lá na ìwé náà sí i kó kà á fúnra rẹ̀.

Festus, gáàdì ọkọ̀ ojú irin, bá wọn ra ẹ̀wà náà bọ̀ láti Makurdi. Mojíbọ́lá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó se omi rẹ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó dì lóòótọ́. Ó gé e, ó dà á sínú ata lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ ti fọ́ yángá.

“Èyí ò tó fún ẹnikẹ́ni,” ni Olúdáìsí wí.

Mojíbọ́lá tún ìwé náà kà. Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ kánjú. Àfi kí omi ara rẹ̀ jáde kí èròjà tó ráyè wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣe òmíràn. Ó dì í sínú aṣọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, ó sì to ìwé ńlá rélùwéè mẹ́ta ti ọkọ rẹ̀ lé áyọ́ọ̀nù. Nígbà tó le dáadáa, ó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi atalẹ̀, àlùbọ́sà, ata gígún, kọ́rì àti iyọ̀ pa á lára, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé, ó dín in títí ó fi pọ́n, ó dà á sínú ọbẹ̀.

Olúdáìsí tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

“Tófù yìí ò ní tó fún mi o.”

Màmá dé lọ́sàn-án, wọ́n ń ròyìn afárá tuntun Onitsha. Mojíbọ́lá kúnlẹ̀.

“Ẹ ń lẹ́ o, Tíṣà. Ṣé ẹ rí wáyà mi?”

“A rí i, Mà. Bí ẹ ṣe wí náà la ṣe.”

“Ẹ ṣeun.”

Mojíbọ́lá gbé iyán àti ọbẹ̀ kalẹ̀. Màmá fi ìka tẹ ègé tófù kan, wọ́n jù ú sẹ́nu. Wọ́n rún un lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n gbé e mì. Wọ́n gbójú sókè.

“Tófù ni, Mà,” ni Mojíbọ́lá sáré wí.

“Ó tó fún mi, ó tó. Ẹ má bù sí i.”

Olúdáìsí wúkọ́. Màmá jẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n fi ìka nu àwo, wọ́n wá wo ìkòkò.

“Ó kù díẹ̀?”

Ó kù. Wọ́n jẹ ìyẹn náà.

“O káre,” ni wọ́n wí. “Ìyàwó mi, bá mi bomi wá.”

Mojíbọ́lá dé ìdí àmù, ó sunkún ayọ̀ níbẹ̀ kó tó bu omi. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, “ìyàwó mi” ni lókè, “ìyàwó mi” ni nísàlẹ̀.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n sin Màmá lọ sí ibùdókọ̀.

“Ìyàwó mi,” ni Màmá wí láti ojú fèrèsé bí mọ́tò ti ń gbéra, “gbogbo ilé ni mo máa ń ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n máa se ẹran kí n tó dé, kó lè rọ̀ fún eyín mi, ìwọ nìkan lo gbọ́ràn, torí náà màlúù ọjọ́ àádọ́rin ọdún mi, ọwọ́ ẹ ni mo fà á lé, bó o ṣe se ẹran ìjẹta yẹn gẹ́lẹ́ ni kó o se gbogbo ẹ̀.”