Ọ̀yà tó ní kí àna bá òun sáré

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yà ṣáà sú mi. Àwọn ọdẹ ti ń múra àtidáná sungbó, òun sì sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ẹtu, ọkọ ọmọ rẹ̀, ní: “Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ máa sáré láràárọ̀. Díẹ̀díẹ̀ lẹsẹ̀ fi ń le, tí èémí fi ń gùn.”

“Ṣé àna kì í báni roko ni? Bá mi sá tèmi mọ́ tìrẹ, jàre!”

Bí Ẹtu ti ń sáré láràárọ̀, Ọ̀yà dùbúlẹ̀, ó ń lé orin, gbogbo eku ń gbè é:

Àna mi, bá mi sáré o,
Gìrìgìrì!
Kẹ́sẹ̀ mi lè le o,
Gìrìgìrì!

Nígbà tí iná dé, Ẹtu fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọ̀yà ò tíì kọjá ìdí ọ̀pẹ kan tí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì, tí itan rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

Ó figbe ta: “Àna burúkú! Gbogbo eré tó o sá fún mi dà?”

Iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, kí ni kí Ẹtu sọ fún un?